Ọfà Ìkíni

Mo rántí ìgbà tí inú apá òsì mi wú bí iṣu, tí mo sọ fún ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ gẹdú ní àdúgbò Glass pé ilẹ̀kùn ló gbá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ilẹ̀kùn yẹn fi gbá mi. Osán ọrun ni, ẹnu ara mi ló sì fà á.

Ọdún kejì òmìnira Gabon ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé Libreville, mo ń túmọ̀ lẹ́tà láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ nítorí pé mo ní táì méjì. Ní ìpàdé kan, mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí ọrun àti ọfà nínú ìtàn wa. Inú ìwé ni mo ti kà á. Nígbà tí mo rí i pé àwọn àgbà ń mi orí, mo fi kún un pé nínú ìdílé tiwa, a kì í tafà kó tàsé. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ta á rí. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi. Adìyẹ Kérésìmesì nìkan ló máa ń pa, màmá mi ló sì máa ń bá a dì í mú.

Alága wa, Àlàájì kan tó ń ta abọ́ tánganran, dìde. Ó ní ìjọba ti ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wá ṣe nǹkan ìbílẹ̀ lọ́jọ́ àyájọ́ òmìnira. "Gbogbo wọn ló fẹ́ jó. Àwa ò ní jó. Akọ̀wé máa tafà." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìpàdé ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti fi orúkọ wa sílẹ̀ ní méérì, ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Tó o bá tàsé, mi ò ní bá ọ jà. Mo kàn máa kó abọ́ mi padà sílé ni." Alága kì í ṣàwàdà.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó ní ọrun ní gbogbo ìlú náà ni ìyá aláṣọ kan ní àdúgbò Atong Abè, ọmọ tafàtafà láti Òkè-Ògùn. Ọrun bàbá rẹ̀ wà lórí àjà, ó fi aṣọ wé e. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo fẹ́ yá a.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ta?"

"Díẹ̀, mà."

"Mú un kí n wò."

Mo mú un. Ó wò mí títí. "Akọ̀wé, ìsàlẹ̀ lo gbé sókè yẹn."

Ó gbà láti kọ́ mi, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi. "Ọrun yìí ò tàsé lójú èrò rí. Òun nìkan ni bàbá mi fún mi, àwọn àbúrò mi ọkùnrin ló kó ilẹ̀. Má jẹ́ kó ti ọwọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó fọwọ́ kan ọfà. Mo kàn ń dúró lẹ́yìnkùlé, mo ń fa osán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń dá a padà. Ní ọjọ́ kẹta mo ṣàlàyé fún un bí ìwé ṣe ní kí a fà á. Ó gbọ́ mi tán.

"Ṣé ẹni tó kọ ìwé yẹn ta á rí?"

"Kò sọ, mà."

"Gba ọrun."

Ohun méjì ló ń tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí n má já osán gbà. Kí n kàn tú ìka sílẹ̀, kí ọfà máa lọ. Èkejì ni ẹsẹ̀: ibi tí ẹsẹ̀ bá dúró kọjú sí ni o fẹ́ ta. "Ẹsẹ̀ kì í purọ́," ó ní. "Ẹnu ni." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi máa parí, mo ti ń ta ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá wò mí.

Lọ́jọ́ àyájọ́ náà, wọ́n ri ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì mọ́lẹ̀ ní pápá kan ní Plaine Orety. Tọwọ́ ọ̀tún ni tiwa. Tọwọ́ òsì jẹ́ ti àgbà ọdẹ ẹ̀yà Fang kan, onílé, tó máa tẹ̀lé mi pẹ̀lú ọrun tí wọ́n kàn mọ́ igi bí ìbọn. Àwọn ọlọ́lá wọ kóòtù nínú oòrùn. Mo to ẹsẹ̀ mi dáadáa, mo fa osán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wá rántí pé èmi ni wọ́n ń wò, mo já osán gbà. Ọfà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì wa, ó lọ gún ti àgbà ọdẹ láàárín gbùngbùn.

Òṣìṣẹ́ méérì yíjú sí alága. Alága kò ṣẹ́jú. Ó fi Faransé tó fi ń ná abọ́ sọ fún un pé nílẹ̀ wa, onílé ni àlejò máa ń fi ọfà àkọ́kọ́ kí.

"Ah bon," òṣìṣẹ́ náà ní, bí ẹni ń sọ pé, "Ẹn-ẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àgbà ọdẹ dìde, ó fa ọfà náà yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. Àwọn èrò ho yèè. Wọ́n ní kí n ta òmíràn. Alága ní àṣà kò gbà á.

Àwọn àgbà ní, atafà-sókè-yídó-borí, bí ọba ayé kò rí ọ, ti òkè ń wò ọ́. Ti òkè jókòó ní ìlà kẹta lọ́jọ́ yẹn, lábẹ́ agboòrùn. Nígbà tí mo dá ọrun padà fún ìyá aláṣọ, kò tètè gbà á.

"Ẹsẹ̀ ẹ ń wo ìtì tiwa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O já osán gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún wọn."

"Fún ta ni? Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fi aṣọ nu ọrun náà, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Máa bọ̀ lọ́la. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìtì onílé ni wàá fojú sùn, kọ́rọ̀ náà lè di òótọ́."

Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí ọjọ́ náà tún pé, mo to ẹsẹ̀ mi sí ìtì onílé, mo tú ìka sílẹ̀, ọfà sì wọlé. Àtẹ́wọ́ náà kò tó ti àkọ́kọ́. Ẹnì kan ní ó jọ pé ọwọ́ mi ti ń rọ̀. Ní ìlà kẹta, ẹnì kan pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Orí àjà tèmi ni ọrun náà wà báyìí, nínú aṣọ kan náà. Àwọn ọmọ wa ṣì ń ta ọfà ìkíni lọ́dọọdún. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí wọ́n bí sí Libreville mú ìwé wá, ó ní kí n sọ orírun àṣà náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ilẹ̀kùn dé orí agboòrùn. Ó gbọ́ mi tán, ó dé bíírò rẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Màá lọ bi ẹni tó mọ àṣà dáadáa."

Mo sìn ín dé títì. N kò bínú sí i. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, èmi náà kì í gba ohun tí kò sí nínú ìwé gbọ́.