Orin Tí Mo Kọ Ní Palọ̀ Olùkọ́ Òyìnbó

Káfúrà àti igi tí ọ̀rinrin ti wọ̀ lára ni palọ̀ yẹn máa ń rùn. Palọ̀ òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ni lórin nílé-ìwé wa ní Okitipupa ni, lẹ́yìn tí ogun parí. Ó kó dùùrù ayé àtijọ́ kan wá láti ìlú wọn, hapsikọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, ó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn inú rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà téèyàn ń fi èékánná ta á. Òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò fún un nísinmi. Bí olùkọ́ náà bá tún ohùn dùùrù náà ṣe láàárọ̀, á ti dàrú lọ́sàn-án.

Tíṣà lèmi náà. Ọkọ mi ti lọ kàwé ní London, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó tibẹ̀ dé sì ti rọra sọ fún mi pé ọkọ mi ti ní ìyàwó àti ọmọ lọ́hùn-ún. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, mà á ní, "Ó ń kí yín." Ilé mi dákẹ́ jù fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ kọrin lọ́dọ̀ olùkọ́ náà nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó ní ká pe èèyàn díẹ̀ wá gbọ́ wa, ìyá mi wá láti Òde-Ayé pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ Aládùúrà rẹ̀, nínú aṣọ funfun tí èéfín pùpùrù, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa ń yan lórí iná, ti rùn sí. Olùkọ́ bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́jẹ́. Orin tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ tí kò padà. Èdè Ítálì ni, ìyá mi ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ orin náà, ọwọ́ òsì olùkọ́ ń tẹ ohùn mẹ́rin kan náà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń padà wá, bẹ́ẹ̀ títí. Àwọn ìyá kọ́kọ́ ṣe sùúrù. Lójú tiwọn, ègbè nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń gbè é. Nínú ìjọ wọn, ìwà ìkà ni kéèyàn fi olórin sílẹ̀ kó máa nìkan kọ ọ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ fi imú kùn ún, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ wa tó wà níbẹ̀ ń wo ara wọn. Olùkọ́ bojú wẹ̀yìn, àmọ́ kò dá dùùrù dúró.

Ni ohùn mi bá já. Àwọn ìyá ló bá mi parí orin náà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Ọma mi, kò ní padà mọ́, àbí?"

"Kò ní padà, mà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá mi wọ lọ́rì padà sílé, ilé mi sì tún dákẹ́.

Mo ti kọ orin yẹn ní gbọ̀ngàn ńláńlá látìgbà náà. Àwọn èèyàn a jókòó jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n a sì pàtẹ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé kò sí ọ̀wọ̀ téèyàn lè fún olórin tó ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá mi ti kú, mo sì ń dá orin náà kọ dópin.