Roswitha Kì Í Pẹ́

Ní abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè Harz, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Roswitha Dölling kì í pẹ́ débikíbi. Bí èèyàn bá pè é wá mu kọfí lọ́sàn-án, á ti dúró lẹ́nu géètì kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù. Síbẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì tíì wọ rélùwéè rí. Ọkọ rẹ̀ ló ń fi mọ́tò gbé e kiri, nígbà tí ọkùnrin náà sì kú, ó fìdí mọ́lé.

Àbúrò rẹ̀, Volkmar, ló mú un jáde. Láti ìgbà tí Volkmar ti ta ilé ìyá wọn láìsọ fún un ni wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, oníkálùkù ń bínú nílé tiẹ̀. Àfi bí Volkmar ṣe pè é láti ilé ìwòsàn kan ní Munich. Ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

"Rosi, mo fẹ́ rí ẹ kí wọ́n tó kun mí lóorun," ó ní. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Ṣé o máa wá?"

Roswitha ní òun máa wá. Lójú ẹsẹ̀ ni ìbínú gbogbo ọdún yẹn rọlẹ̀, tó wá ku ẹ̀rù nìkan.

Ní ibùdókọ̀ rélùwéè nílùú Goslar nítòsí wa, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ṣàlàyé pé oríṣi méjì ló wà. Èyí tó wọ́n, ọkọ̀ tó bá wuni lèèyàn lè wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó pọ́ọ́kú, ọkọ̀ kan pàtó ni wọ́n so ó mọ́. Obìnrin náà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ṣùgbọ́n Roswitha ti já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ fún mi lèyí tó pọ́ọ́kú. Èmi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fi mí sílẹ̀ lọ."

Ó délé, ó pe Volkmar, ó sọ aago tí òun máa dé fún un, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Lọ́jọ́ náà, ó ti wà ní ibùdókọ̀ tipẹ́ kí ọkọ̀ tó dé, pẹ̀lú búrẹ́dì àti sọ́séèjì tó wé sínú bébà. Ṣùgbọ́n omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkọ̀ kékeré tó gbé e kúrò ní Goslar dúró láàárín pápá, kò lọ, kò bọ̀. Nígbà tó fi máa dé Hannover, níbi tó ti máa pààrọ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ Munich ti lọ.

Òmíràn dé láìpẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, àyè ìjókòó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n jọ pẹ́ dé ní kó máa bọ̀, kò séwu. Roswitha wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ojú ti ń tì í kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀: ó ti ń rí i bí ayẹtíkẹ́ẹ̀tìwò ṣe máa dójú tì í láàárín èrò, bí ẹni tó wọkọ̀ láìsanwó.

"Ọkọ̀ mi kọ́ nìyí," ó ní, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Ẹ má bá a wí jù. Àwa ará ibí, bí iná pupa bá tàn, a máa ń dúró létí títì, bí kò tiẹ̀ sí mọ́tò kankan lọ́nà.

Ó lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlà náà ò lọ bọ̀rọ̀, ọkọ̀ Munich mìíràn sì tún lọ níbi tó dúró sí. Nígbà tó kàn án, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó mi orí.

"Ìyáàfin, kí ló dé tẹ́ ò wọ èyí tó lọ? Ọkọ̀ tó gbé yín wá ló pẹ́, kì í ṣẹ̀yin. Bó ṣe pẹ́ yẹn, ìdè tíkẹ́ẹ̀tì yín ti tú. Èyí tẹ́ ẹ bá rí lẹ lè wọ̀."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ẹ ò rí ẹnì kankan bi ni?"

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ júwe ọ̀nà fún Roswitha ní Goslar, Roswitha ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó yára lọ wọ ọkọ̀ tó kàn. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Volkmar dánra wò: ilé ti lọ, kó lọ, ìwọ nìkan ló kù fún mi.

Ó dé ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn Volkmar ṣàdédé dàrú, wọn ò lè dúró dọ̀la mọ́, wọ́n ti gbé e wọlé fún iṣẹ́ abẹ.

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Ó béèrè yín lọ́pọ̀ ìgbà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo ní bóyá rélùwéè yín ló pẹ́. Ó ní rárá, Rosi kì í pẹ́. Ó ní tẹ́ ò bá tíì dé, a jẹ́ pé ẹ ò wá nìyẹn."

Roswitha jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bẹ nọ́ọ̀sì pé bí wọ́n bá ti gbé e jáde, tó bá ti lajú, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé òun ti dé. Nọ́ọ̀sì ṣèlérí.

Volkmar kò lajú mọ́.