Ọjọ́ Tí Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Gbà Wá

Ilé wa ní Ìgàndó wà láàárín àdúgbò méjì. Òkè ni géètì wa kọjú sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàrá gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ tí ọkọ̀ ò lè wọlé mọ́, a dí i, a la òmíràn sí ìsàlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wàhálà là ń ṣílẹ̀kùn fún.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbẹ́ kànga-ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n sì fa páìpù wọ ilé àwọn ará wọn. Nígbà tí mo tọrọ omi, àwọn ará òkè ní ibi tí géètì mi kọjú sí ni kí n lọ. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní ìwé ilẹ̀ wa fi hàn pé ará òkè ni wá. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gbá mi síwá sẹ́yìn bíi bọ́ọ̀lù.

Ká ní èmi nìkan ni, ǹ bá gba kámú. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá baálé mi wó, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ fún wọn. Kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń pọn omi láti ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́ọ̀ọ́kán, èmi àgbàlagbà tí ìbàdí ń dùn. Nígbà mìíràn mo máa ń sunkún lọ́nà, mi ò ní purọ́.

Níkẹyìn, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé lórí ọ̀rọ̀ mi láàárọ̀ Sátidé kan. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ géètì, wọ́n fa ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, kò lójútùú. Ìgbà tí ìyá onílé kan láti ìsàlẹ̀ dìde, mo ní ó ti parí fún mi. Gbogbo ìgbà ni ìyá yìí ń fẹjọ́ omi ìfọṣọ mi sùn.

Ó ní, "Alága, gọ́tà wa ni omi ìdọ̀tí ilé yìí ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín. Ẹ pè é, ẹ bá a wí, ẹ ní kó wá kó ìdọ̀tí gọ́tà, ó sì kó o. Ṣé ará òkè lẹ bá wí nígbà yẹn?"

Alága ìsàlẹ̀ wolẹ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí àwọn ti ń pàṣẹ fún kò lè wá di àjèjì nítorí omi. Àwọn ará òkè yára pàtẹ́wọ́. Ẹrù ti bọ́ lọ́rùn tiwọn nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ará ìsàlẹ̀ ni wá, alága méjèèjì fọwọ́ sí i. Èmi tí mo ti ń di ìyá yẹn sínú, n ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ìyá náà ní kí n dìde jàre, kí n ṣáà má da epo sí gọ́tà mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, páìpù dé ilé ìwẹ̀ wa. Mo gbé baálé mi jókòó, mo ṣí omi. Láti oṣù mẹ́jọ, bí mo bá ti da ife kẹta sí wọn lára ni wọ́n máa ń ní ó tó, ara ti mọ́. Lọ́jọ́ náà mo da mẹ́ta, mo da mẹ́wàá, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n dijú, wọ́n wá ní, "Tún dà á sí i."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Mo sì tún dà á.