Búrọ́ọ̀ṣì Bọ̀dá Káyọ̀dé Wúwo Ju Òun Gan-an Lọ

Kò sí fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òṣogbo tí n kò tíì fọ̀!

Lónìí, ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, gba iṣẹ́ fèrèsé òkè ní Alékúwodò. Ó so rọ́bà tí omi ń gbà jáde àti búrọ́ọ̀ṣì onípákó tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ mọ́ orí ọparun gígùn.

Mo ní, "Bọ̀dá, ó ti wúwo jù."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Kò tíì fọ ẹyọ kan tán tí apá Bọ̀dá alágbára fi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà mú.

Onílé pariwo: "Ẹ ò ní fọ́ gíláàsì mi o! Ẹ máa lọ!"

Mo sáré tú búrọ́ọ̀ṣì, mo so kànrìnkàn ìwẹ̀ tí mo mú wá látilé mọ́ ọparun náà. Ó fúyẹ́, gíláàsì ń dán, onílé sì ní ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Irọ́ ni ti gbogbo Òṣogbo, fèrèsé mẹ́rin péré ni mo tíì fọ̀. Òótọ́ ni ti kànrìnkàn. Màmá mi ló ni ín, wọ́n sì ń wá a báyìí ní balùwẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́, àbí kí n ní Bọ̀dá ló mú un?