Ẹni tí Lucius Tarver Ń Dúró Dè Nínú Orin

Ní òpópónà Wylie, ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá gbọ́ Lucius Tarver, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ó ní sùúrù. Níbi tí àwọn ẹlòmíì tó ń ta gìtá jáàsì bá ti da ohùn sílẹ̀ bí àgbàdo, Lucius á ta ohùn méjì péré, á sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń ba èmi Hosea lẹ́rù, èmi tí mò ń ta béèsì lẹ́yìn rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí òun àti Cleon Mabry ti jọ ń ta gìtá. Ìdí ìléru irin kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìjókòó kan náà ni wọ́n ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lucius á sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí gìtá tirẹ̀, á dúró, Cleon á sì fi ohùn rírẹlẹ̀ dá a lóhùn láti abẹ́, bíi tọkọtaya arúgbó tó ń tàkúrọ̀sọ nídìí oúnjẹ. Àfi ìgbà tí àìsàn wọ Cleon lẹ́dọ̀fóró. Odessa, ìyàwó rẹ̀, sọ fún wa pé títí ẹ̀mí fi bọ́, ìka ọwọ́ òsì ọkọ òun ń tẹ orin lórí búláńkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lucius padà sídìí orin, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan dí ibi tí Cleon máa ń gbà wọlé. Á dúró, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà mìíì á rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ìwọ ò gbọ́ ọ ni?"

Mo yí padà sídìí béèsì mi. Mi ò bi í mọ́.

Ìgbà náà ni Rayford Sykes dé láti Detroit, ọkùnrin gíga, ìka rẹ̀ yá lórí gìtá bí òjò orí páànù. Ìyá Verbena, tó ni ilé ọtí tí a ti ń ṣeré, ní kí àwọn méjèèjì jọ máa ta gìtá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan ń tòògbé, ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé?"

Wọn ò pàdé lóòótọ́. Bí Lucius bá ti dúró, Rayford á da ohùn kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Lucius," Rayford á ní, "ṣé oorun ló ń kùn yín ni? Ẹ kàn ń ṣe bí adìyẹ tó ń mumi."

"Àbúrò, ìwọ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ajá ta ni?"

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ Lucius bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹja díndín tí Ìyá Verbena máa ń gbé sílẹ̀ fún un, kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, láàárín orin, ó na ọwọ́ di okùn gìtá Rayford mú.

"Kúrò níbẹ̀!" ló pariwo. "Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀!"

Lucius gbé gìtá rẹ̀, ó jáde.

Ojú ti Rayford, inú sì ń bí i. Mo mú un lọ sílé Odessa, kí ó lè mọ ẹni tó ń bá jà. Odessa sọ ohun gbogbo fún un.

"Ṣé kí n wá máa ta á bíi ti ọkọ yín ni?" Rayford béèrè.

"Rárá o! Ọkọ mi ti kú. Lucius nìkan ni kò tíì gbà. Ìwọ ṣáà fún un láyè."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Lucius padà wá. Ó ta ohùn méjì, ó dúró. Rayford gbé ọwọ́ kúrò lórí gìtá, ó fi lé itan. Èmi náà dá béèsì dúró. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohùn kan rọra dáhùn láti abẹ́. Mo wo ọwọ́ Rayford, kò kúrò lórí itan.

Lucius kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó mi orí sí Rayford.

"Ó yá, àbúrò. Wọlé."

Rayford wọlé pẹ̀lú ìyára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí ọ̀rọ̀ Lucius ká ni, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Lucius ò yára sí i, Rayford ò sì falẹ̀, síbẹ̀ orin wọn wọnú ara wọn débi pé àwọn èèyàn ń ti Cleveland wá gbọ́ wọn.

Lucius sọ fún mi pé òun ò gbọ́ Cleon mọ́ láé. "Ó ti lọ, Hosea. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un." Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ara tù.

Odessa wá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Kò dúró kí orin parí. Mo gbé béèsì sílẹ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń de ìborùn rẹ̀.

"Ó dùn," ló wí. "Ó dùn gan-an. Mo wá ọkọ mi títí, mi ò rí i níbẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú yìnyín. Èmi padà lọ gbé béèsì mi, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.