Ilẹ̀kùn Ṣáláńgá Tí Mo Gé Kúrú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tójú mi rí ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ṣùgbọ́n sọ́míìlì kan létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ni mo ti ṣe akọ̀wé ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Mo kéré, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Bàtà aláwọ̀ méjì ló wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà náà, dúdú àti funfun. Irú ẹ̀ kò sí lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí bàtà yẹn.

Iṣẹ́ pọ̀. Ayùn ń ké láàárọ̀ dalẹ́. Ṣáláńgá kan ṣoṣo ni gbogbo wa, tọkùnrin tobìnrin, ń lò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò sẹ́ni tí kì í gbà ló sì wà. Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sùn síbẹ̀. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Ṣé ẹ mọ ohun tí akọ̀wé yín ṣe? Mo ní kí kápẹ́ńtà gé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn! Kí n lè jókòó sí ọ́fíìsì, kí n máa wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú ibẹ̀, kí n sì máa wo aago. Ọgbọ́n dé! Mo ní kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí wọ́n da eérú sí i. Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé.

Àṣé mo ti gbàgbé pé Yorùbá ni wá. Ta ló máa rí ẹsẹ̀ ẹni tó mọ̀ tí kò ní kí i? Ẹni tó ń dirun, a ó ní: "Ojú gbooro o!" Èwo wá ni ti ẹni tó wà ní ṣáláńgá? Múfú, aláwàdà tó ń bá wa la pákó, ló wá èyí tó bá a mu. Bó bá ti rí ẹsẹ̀ báyìí, á ké: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o!" Àwọn mìíràn á sálámà. Bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn kì í dáhùn sálámà níbi tó ti ń gbọnsẹ̀. Ẹni tó kíni tí kò gbọ́ ìdáhùn á bínú, ẹni tó wà nínú ilé á máa làágùn. Ìjà dé! Èmi náà Mùsùlùmí ni o, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn àgbà fi pa ṣáláńgá tì. Inú igbó ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eṣinṣin wá ń ti ọ̀hún bọ̀ wá bà lé oúnjẹ wa. Èmi ń yangàn fún ọ̀gá pé ṣáláńgá mi mọ́ tónítóní. Báwo ni kò ṣe ní í mọ́? Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́!

Mo bá ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ nínú igbó sílẹ̀ fún ọ̀gá. Orúkọ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti Bàbá Sàdíátù, olórí àwọn tó ń tu gẹdú bọ̀ lórí ọ̀sà. Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀: ọmọ bàbá yìí gan-an ni mo fẹ́ fi ṣaya! Àwọn òbí mi ti wá tọrọ rẹ̀ láti Ìkòròdú, bàbá sì ní kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo fẹ́ràn Sàdíátù débi pé oorun ń dá lójú mi. Síbẹ̀, mo ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀, ọ̀la ni èsì. Mo jẹ ẹ̀wà àná. Kò pẹ́ tí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Igbó jìnnà, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo sáré wọ ṣáláńgá.

Mi ò tíì lóṣòó tán tí mo gbọ́ ohùn Múfú: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Akọ̀wé!" Bàtà aláwọ̀ méjì ti tú mi fó. Ó ké pe àwọn yòókù, wọ́n sì ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n má kánjú, àwọn ń bá mi wo aago. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti lanu nísàlẹ̀ mi tẹ́lẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó gbé mi!

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Sàdíátù. Ó gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá. Yéè! Mo ní ó tán. Ọmọbìnrin wo ló máa rí irú èyí tó ṣì máa fẹ́ mi?

Lójijì, gbàà! Ẹnì kan fi pákó dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Bàbá Sàdíátù ń bi àwọn Múfú bóyá iṣẹ́ ti tán. Gbogbo wọn tú ká. Sàdíátù béèrè pé Akọ̀wé dà. Bàbá dáhùn pé àwọn rán mi níṣẹ́, kó gbé oúnjẹ lọ sábẹ́ igi.

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, kì í sì í ṣe tìtorí inú rírun. Ẹni tí mo tú láṣìírí lójú ọ̀gá ló wá fi pákó bo tèmi.

Nígbà tí mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú lẹ́búlẹ́bú igi. Bàbá ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Akọ̀wé, ọmọ mi tí o fẹ́ gbà yìí, ṣé wàá lè bò ó láṣìírí?"

Mo ní màá bò ó.

"Lọ kọ́kọ́ bo ṣáláńgá ná."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fọwọ́ ara mi kan pákó yẹn mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi òòlù lu àtàǹpàkò mi. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó bú mi dáadáa, àmọ́ ó gbà kí a gbẹ́ òmíràn sẹ́yìn fún àwọn obìnrin, kúrò lójú ọ̀nà. A gbé búta omi àti ọṣẹ síbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn wá ń tètè lọ tètè bọ̀, láìsí ẹni tó ń wo aago?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá fún mi lọ́mọ. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa ni Sàdíátù tó jẹ́wọ́ pé òun ti rí bàtà náà kí pákó tó dé. Títí dòní, bí mo bá pẹ́ ní balùwẹ̀, á kan ilẹ̀kùn: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Akọ̀wé!"

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: omi ọṣẹ nìkan kọ́ ni ìmọ́tótó. Ibi tí kò bá bo èèyàn láṣìírí, bó ti wù kó mọ́ tó, èèyàn ò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti ṣòfin rí tí òfin náà yí padà mú un? Ẹ sọ tiyín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni ẹsẹ̀ mi máa hàn síta!