Ahun Tí Kò Dáhùn Ìkíni

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara máa ń kan Sàláhúdéènì jù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ilé ohun àtijọ́ tó ń ṣọ́ ní Ṣikágò lọ́jọ́ náà, ọjọ́ náà sì ni bàbá ará Íńdíà kan, Jóṣì, máa ń ti Skokie, ìlú kan nítòsí, wá yọ ọ́ lẹ́nu.

Egungun ahun kan ló wà nínú yàrá tó ń ṣọ́, ó tóbi tó mọ́tò kékeré. Íńdíà ni wọ́n ti hú u, ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń ka ọdún. Okùn pupa yí i ká. Bàbá Jóṣì á fo okùn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ egungun. Ó ní ìwé mímọ́ àwọn sọ pé Olúwa fúnra rẹ̀ di ahun rí, ó fi ẹ̀yìn gbé òkè ńlá nígbà tí wọ́n ń po òkun bí ẹni ń ro ọkà. Ó ní bóyá irú egungun yìí ni àwọn baba ńlá àwọn rí.

Èwo tún nìyí? Ahun tí gbogbo ọmọ Ìwó mọ̀ sí olè àti oníjìbìtì! Nígbà àkọ́kọ́, Sàláhúdéènì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ̀rín ti tán. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó obìnrin kan, ti sọ pé bí òun bá tún rí ẹnikẹ́ni nínú okùn, kó lọ wáṣẹ́ síbòmíì. Oyún Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́jọ, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ fi san owó ìgbẹ̀bí. Ó bẹ Bàbá, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde.

Ní Ìṣẹ́gun kan, oṣù Kejì ọdún 1984, Sàláhúdéènì kàn yíjú ni, Bàbá ti wà nílẹ̀. Bàtà ọ̀gá sì ti ń dún kò-kò-kò bọ̀ láti yàrá kejì. Ó ní kí Bàbá dìde, Bàbá ò dìde. Sàláhúdéènì ní kí ló dé.

"Mo kí i, kò tíì dáhùn," ni Bàbá wí. "Nílé ọmọ mi náà, ṣífútì ni gbogbo wọn ń sá lọ. Kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn."

Orí Sàláhúdéènì gbóná. Kí ni kó wá ṣe? Kó wọ́ àgbàlagbà nílẹ̀? Ní Ìwó tí wọ́n ti bí i, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí ẹni tó ń kí yóò fi dá a lóhùn. Èyí tí Bàbá wá ń kí yìí, ahun gidi ni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pàápàá ń dùn ún láti fúnni. Pẹ̀lú ìbínú, ó ránmú bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe ohùn ahun nínú àlọ́:

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ dìde."

Bàbá dìde wéré, ó bọ́ síta okùn, ó ń nu ojú. Ó ní èdè ahun kò yé òun, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Ọ̀gá yọjú, ó wo inú okùn, kò rí ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Jóṣì kò fo okùn mọ́. Ìta ló ń dọ̀bálẹ̀ sí. Bó bá sì ti wà nílẹ̀, kì í wo egungun mọ́, Sàláhúdéènì ló ń wò. Ọkùnrin náà á pòṣé, á tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì ránmú.